Aṣọ ẹgbẹ́ kọ́ ló ń mú bẹ́ńdì dún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. A ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa bàbá olórin jáàsì tó fẹ́ dá bẹ́ńdì ńlá tuntun sílẹ̀ níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí orin tó báyìí, tó sì tún lágbára láti kó ènìyàn 17 jọ, ó tó ká dìde kí i. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọn yóò rán, alága ọjọ́ náà àti àwọn ọba tí wọ́n ti fìwé pè ló gba gbogbo ìròyìn yín. A wo òkè, a wo ìsàlẹ̀, a ò rí gbólóhùn kan nípa ìwé orin, nípa ìdánrawò, tàbí nípa ipò tí àwọn fèrè náà wà. Ibẹ̀ gan-an ni bẹ́ńdì ti ń kú. Iṣẹ́ tiwa ni fífọn fèrè, títún un ṣe àti títo orin fún un, láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, nítorí náà ẹ fún wa láyè ká sọ ohun tó yẹ kí Bàbá àti àwọn ọmọ rẹ̀ yẹ̀ wò kí ọjọ́ ìṣíde tó pé.

Bẹ́ńdì jáàsì ńlá báyìí ni wọ́n ṣe ń tò ó: saxophone 5 (alto 2, tenor 2, baritone 1), trumpet 4, trombone 4 tí ìkẹrin rẹ̀ jẹ́ ti béèsì, lẹ́yìn náà dùùrù, jìtá, béèsì àti ìlù òyìnbó. Fèrè 13 nìyẹn, èyí tó kù di 4. Àwọn bẹ́ńdì táwọn àgbà wa gbọ́ láyé àwọn olórin háìláìfù bíi Bobby Benson, Victor Olaiya àti Chris Ajilo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó wà nítòsí wa níbí, fèrè wọn kò pọ̀ tó báyìí. Bí fèrè bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ lè dúró ní kọ̀rọ̀ kan kí ẹ fi etí pín in, ìwọ mú tòkè, èmi a mú tàárín. Bó bá ti di 13, etí nìkan kò lè pín in mọ́. Ènìyàn mẹ́fà á rọ̀ mọ́ ohùn kan náà, àwọn yòókù á máa wá ibi tí wọn yóò gbà wọlé.

Ìwé ló ń tú u. Orin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé 17, ọ̀kan fún àga kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé ńlá kan tí adarí yóò máa wò. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún máa ń gba ojú ìwé méjì sí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ tó mọ̀, orin kan ṣoṣo ti jẹ ogójì ojú ìwé. Count Basie, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, tú bẹ́ńdì ńlá rẹ̀ ká lọ́dún 1950 nítorí owó, ẹgbẹ́ kékeré ló ń kó kiri. Nígbà tó tún ńlá kó jọ lọ́dún 1952, ìwé tuntun táwọn bíi Neal Hefti àti Ernie Wilkins kọ fún un ló gbé bẹ́ńdì kejì yẹn dúró. Nítorí náà bí owó aṣọ bá ti délẹ̀, kí Bàbá jọ̀wọ́ yọ ti ẹni tí yóò to orin sílẹ̀ kí télọ̀ tó rí i. Orin 8 tó gún régé ti tó fún ìṣíde.

MuseScore, ètò tí a fi ń tẹ ìwé orin, wà lórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń fúnra rẹ̀ yí kíì (ibi tí dò orin dúró sí) padà fún fèrè kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó tẹ ìwé gbàgbé láti yí i, ó tẹ ohùn dùùrù fún alto, ìdajì wákàtí á lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé ìwé ló ṣẹ̀ wọ́n, kì í ṣe etí wọn. Ó tún lè fi ìyípadà ojú ìwé sí àárín ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti há. Ibi ìsinmi ni kó fi í sí. Kó má gbàgbé nọ́ńbà báà (ìpín kéékèèké tí ìwé orin pín sí), kí adarí lè sọ pé “láti 49” kí gbogbo wọn sì bọ́ sójú kan náà. Kó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, torí iná lè lọ nígbàkígbà, tọ́ọ̀ṣì orí fóònù ni wọn yóò sì fi kà á.

Ọ̀rọ̀ kíì náà nìyí, tó jẹ́ pé akọrin ló máa ń fà á. Wọn kì í ṣe gbogbo fèrè sí kíì kan náà: bí dùùrù bá wà ní F, G ni trumpet àti tenor ń fọn, D ni alto àti baritone ń fọn, trombone nìkan ló wà ní F pẹ̀lú dùùrù. Akọrin tó bá ní E ló bá ohùn òun mu ti gbé C ṣáàpù lé alto lọ́wọ́, ṣáàpù méje gbáko (ṣáàpù ni àmì tí ń gbé nótì sókè díẹ̀), ó sì ti gbé F ṣáàpù lé trumpet lọ́wọ́. Ẹ rọ̀ ọ́ sí E flat. Ohùn akọrin kò ní fura, alto á bọ́ sí C tí kò ní ṣáàpù kankan, tenor àti trumpet á bọ́ sí F. Àwọn onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa ti mọ́ bọ́tìnnì tí ń gbé kíì sókè sódò lára. Kò sí bọ́tìnnì yẹn lára fèrè.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Bàbá yóò rí kó jọ á wá láti inú bẹ́ńdì ṣọ́ọ̀ṣì, Boys' Brigade àti ilé-ìwé, sọ́fà (dò, rè, mí) ni wọ́n sì ń kà. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Dò inú sọ́fà máa ń bá kíì rìn ni, etí ẹni tó bá kà á dáadáa ti mọ ìrìn ohùn ju ti ẹlòmíràn tó ń ka nótì orí ìlà márùn-ún lọ. Àkókò ni sọ́fà ti ń jáni kulẹ̀. Jáàsì fẹ́ràn kó wọlé ṣáájú ẹsẹ̀ (kíkà 1, 2, 3, 4 inú orin), àmì ìdádúró inú sọ́fà á sì kún ìwé dé ibi tí ojú á fi dà rú. Ẹ kọ́ wọn ní ìlà márùn-ún láti ìhà àkókò: kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ojú ìwé náà, kí wọ́n fẹnu pè é, kí wọ́n tó gbé fèrè sẹ́nu. Oṣù mẹ́ta tó fún ẹni tó bá tẹra mọ́ ọn.

Ẹ má kó ènìyàn 17 jọ lọ́jọ́ kìíní. Saxophone nìkan ni kó kọ́kọ́ jókòó fún wákàtí méjì, lábẹ́ alto kìíní tó jẹ́ aṣáájú wọn. Trumpet lọ́tọ̀, trombone lọ́tọ̀. Àwọn mẹ́rin ìdí ìlù, ìyẹn dùùrù, jìtá, béèsì àti onílù, ni kó dánra wò jù, láìsí fèrè kankan nítòsí, torí bí wọ́n bá ń sáré, kò sí ohun tí fèrè 13 lè ṣe ju kí wọ́n bá wọn sáré lọ. Ọ̀pọ̀ bẹ́ńdì máa ń fẹnu kò lórí ibi tí nótì ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti parí ni ìjà wà. Kí alto kìíní pinnu pé “a ó gé e lórí ẹsẹ̀ kẹrin,” kí gbogbo ọ̀wọ́ rẹ̀ fi pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò, sàmì sí i. Níbi nótì gígùn, kí trombone mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má mí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pín èémí fún wọn. Bí wọ́n bá sì tò, kí trumpet kìíní dúró sẹ́yìn trombone kìíní, kí trombone kìíní jókòó sẹ́yìn alto kìíní, lórí ìlà kan ṣoṣo. Trumpet kìíní ni gbogbo ilé ń tẹ̀ lé, àwọn méjì tó kù gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ ní ẹ̀yìn ọrùn wọn.

Ọjọ́ ìdánrawò ńkọ́? Ọjọ́ Ajé ni. Láti ọjọ́ Ẹtì títí di Àìkú, òde àríyá, ìsìnkú àti ṣọ́ọ̀ṣì ti gba gbogbo ẹni tó bá mọ fèrè fọn nílùú yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Thad Jones àti Mel Lewis, àwọn tó dá bẹ́ńdì jáàsì ńlá kan sílẹ̀, ṣe ní New York: alẹ́ ọjọ́ Ajé, nígbà táwọn olórin bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ mìíràn, ni wọ́n mú láti oṣù kejì ọdún 1966 ní ilé orin Village Vanguard, wọ́n sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí owó ọkọ̀ wà o. Afọnfèrè tó ń wọkọ̀ láti Iléṣà bọ̀ wá sí Ifẹ̀, bó bá san án lápò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dé lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sì ní tẹ̀ yín láago.

Ká bọ́ sórí fèrè fúnra wọn. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ ti tọ́ọ̀ṣì kékeré bọnú ara saxophone, ẹ máa rọra tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìfi agbára sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ páàdì (ohun tí ń dí ihò fèrè) tó ti délẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń jò. Páàdì awọ ni, ọyẹ́ máa ń gbẹ ẹ́, kòkòrò sì máa ń jẹ ẹ́. Jíjò bín-ín-tín lókè ló máa ń mú kí ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ láti jáde. Ọmọ náà á máa fi eyín há a, á rò pé ẹ̀dọ̀fóró òun ni kò tó. Saxophone tí kò bá lè fi jẹ́jẹ́ fọn B flat ìsàlẹ̀ pátápátá kò tíì ṣe tán. Páàdì G ṣáàpù máa ń lẹ̀ ní tiẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á lọ, páàdì á dúró. Ẹ ki tíṣù fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fà á yọ. Àwọn kan máa ń lo owó náírà. Onírọ́bà bíi ₦10 àti ₦20 kò tilẹ̀ ń fa omi, òfin sì lòdì sí fífi owó ṣeré.

Trumpet ní fáàfù mẹ́ta tí ìka ń tẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára wọn. Bí ẹni tó fọ̀ ọ́ bá fi fáàfù 1 sílé fáàfù 3, afẹ́fẹ́ kò ní kọjá dáadáa, wọn yóò ní fèrè ti bàjẹ́, wọn yóò sì náwó sórí ohun tí kò ṣe é. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i: èkíní á gan, èkejì nípọn jù, méjèèjì á sì fa erukú mọ́ra. Bí ibi ìfẹnusí bá há, ẹ má fi ẹ̀mú fà á, yóò lọ́ ọ̀pá fèrè náà mọ́ ọn. Irin tí wọ́n ṣe fún yíyọ ọ́ wà, ọ̀kan péré sì tó fún gbogbo bẹ́ńdì. Ní ti trombone, ọ̀pá tí ń yọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Bó bá ń há lójú kan, yálà ó ti dápàá tàbí ó ti wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì rọrùn nílùú yìí. A ó mú tòkunbọ̀ tí idẹ rẹ̀ ti pọ́n tí ọ̀pá rẹ̀ sì ń yọ́ geere ju tuntun dídán tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rọ̀ bíi ike lọ.

Rìídì saxophone, ahọ́n pẹlẹbẹ tí ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀, márùn-ún tàbí mẹ́wàá ló sábà ń wà nínú páálí kan. Kò dájú pé ìdajì wọn á dára. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe le tó: 2½ ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, 3 fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti le. Ẹni tó bá ní mẹ́rin tó ń fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n á pẹ́ fún un ju ẹni tó ń fi ọ̀kan gbó títí tí yóò fi ya lójú agbo.

Nínú ìròyìn yín, ohun tí a ò fara mọ́ jù ni dùndún márùn-ún tí wọ́n ní yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè 13. Ìyáàlù kan àti gúdúgúdú kan ti tó. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná. Roy Chicago ti mú ìlù wa wọnú háìláìfù, ó sì dùn. Dizzy Gillespie, afọn-trumpet jáàsì ará Amẹ́ríkà, mú Chano Pozo, ọmọ Kúbà, wọnú bẹ́ńdì ńlá rẹ̀ lọ́dún 1947. Onílù kan ṣoṣo ni Chano Pozo, gbogbo bẹ́ńdì sì yí padà. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ ni. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà, ohùn wọ̀nyẹn sì sún mọ́ ibi tí trombone àti tenor ń gbé. Bí trombone bá ń rìn sókè sódò nígbà tí ìyáàlù ń kí Ọọ̀ni tàbí Ọwá Obòkun, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tó ń wí, Kábíyèsí gan-an kò ní mọ̀. Nítorí náà kí ẹni tó ń to orin fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé: báà mẹ́jọ tí fèrè yóò dákẹ́ pátápátá, tàbí tí saxophone yóò fa kọ́ọ̀dù kan (ohùn mélòó kan tí ń dún pọ̀) gbọọrọ láìmira, tí béèsì nìkan yóò máa rìn. Kẹríkẹrì, ìsáájú àti kànnàngó á kún àyè yẹn, ìyáàlù á sì tún padà di ariwo. Òfin kan náà ló kan ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí orin jáàsì, kó má jẹ́ kí orin ti ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó wá sílẹ̀.

Ìlù òyìnbó àti gúdúgúdú kì í jà bí wọ́n bá mọ bí ara wọn ṣe ń rìn. Swing, ìyẹn ìrìn àkókò jáàsì, tó ń lọ ní ìwọ̀n máa ń pín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rin di 12, gúdúgúdú náà sábà máa ń pín in bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì wọra bí ọwọ́ àti ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n bí orin bá ti yára kọjá nǹkan bí 200 ẹsẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, swing á tẹ́jú, ó ń di méjì-méjì, gúdúgúdú tó bá ṣì ń lù mẹ́ta á máa fà á sẹ́yìn. Kó sinmi níbẹ̀ títí ìyára á fi wálẹ̀. Kí onílù òyìnbó náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìlù ńlá nígbàkígbà tí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀, kó fi aro nìkan mú àkókò. Máìkì ìyáàlù gbọ́dọ̀ dojú kọ àárín awọ. Bó bá dojú kọ etí rẹ̀, ṣaworo nìkan la ó máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tún wà ńbẹ̀. Lójò, awọ á dẹ̀, ọsán kò ní lè fà á dé òkè. Lọ́yẹ́, á le, ó sì lè fà ya. Kí alùlù mú ìyáàlù kejì dání.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi wá ni pé báwo ni bẹ́ńdì tó ń kàwé ṣe máa ṣeré níbi àríyá, níbi tí ọlọ́jọ́ìbí ti fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ bàbá òun àti ti ìyá òun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdáhùn wà nínú ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ fi báà mẹ́jọ kan sí àárín orin, ẹ fi àmì àtúnsọ há a, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé títí adarí yóò fi juwọ́. Àwọn mẹ́rin ìdí ìlù á máa yí i, akọrin àti ìyáàlù á máa kí ènìyàn bó ṣe wù wọ́n. Bí Bàbá bá na ìka kan, saxophone á wọlé lẹ́yìn wọn. Bó bá na méjì, trumpet náà á kún un. Bó bá di ẹ̀ṣẹ́, gbogbo wọn jáde lọ sí ojú ìwé tó kàn. Kí wọ́n fi àmì ọwọ́ yìí dánra wò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi nótì dánra wò, torí ìgbà tí owó bá ń rọ̀ ní iwájú orí ni ojú máa ń kúrò lára adarí.

Agbádá tí ẹ ya àwòrán rẹ̀ yẹn rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá agbádá máa ń há sí kọ́kọ́rọ́ saxophone, ó máa ń wé mọ́ ọ̀pá trombone, ẹni tó wà níwájú ni ọ̀pá náà á sì bá lórí. Búbá alápá kúkúrú ni kí wọ́n rán, kí fìlà má bo etí.

Ní ti inú oṣù Kejìlá àti ìta gbangba tí wọ́n mú, bí ó bá jẹ́ ibi ìṣeré ìta tó wà lára Odùduwà Hall ní OAU ni, kí wọ́n wá ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn lọ́pọ̀lọpọ̀, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á kó ìwé lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé. Bí oòrùn bá mú, ohùn fèrè á lọ sókè. Bí òtútù alẹ́ ọyẹ́ bá dé, á wálẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù oníná kò ní fúnra rẹ̀ kúrò ní 440 tirẹ̀, ìwọ̀n ohùn A. Kí wọ́n fọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó mú ohùn, A láti inú dùùrù fún saxophone, B flat fún onídẹ, kí wọ́n sì tún mú un bí wọ́n bá ti ìsinmi dé. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ga, kó fa ọ̀pá ìtúnṣe jáde díẹ̀. Saxophone á fa ibi ìfẹnusí rẹ̀ sẹ́yìn lórí kọ́ọ̀kì.

Ó ku ọ̀kan. Trombone béèsì ṣòro rí níbí, ẹni tó ń fọn ọ́ tún ṣòro jù. Kí Bàbá má fi àga náà sílẹ̀ lófìfo, torí bí ohùn ìsàlẹ̀ kò bá sí, gbogbo kọ́ọ̀dù onídẹ á máa léfòó. Euphonium, fèrè onídẹ ńlá tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, wà nínú ọ̀pọ̀ bẹ́ńdì ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè jókòó síbẹ̀, bí ibì kan bá sì lọ sílẹ̀ jù fún un, kí baritone saxophone gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fọn euphonium wọ̀nyí, ìlà òkè (treble clef) ni wọ́n kọ́ wọn láti kà, ní kíì B flat bíi ti trumpet, nítorí náà ẹni tó ń tẹ ìwé gbọ́dọ̀ gbé ohùn trombone kẹrin sókè ní octave kan (láti dò dé dò òkè) pẹ̀lú ìwọ̀n ohùn kan (láti dò dé rè) sí i kó tó tẹ̀ ẹ́ fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú lásán ni wọn yóò fi máa wo ìwé náà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn afọnfèrè àti atúnfèrèṣe kan,
Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà.